Ẹnu Ìdun Ewé: Ohun Tí Mo Rí Lóko Iṣu Àwọn Ará Gánà

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ̀yin ará Ògìdì tí ẹ ń wí kiri pé ibi tí mo lọ kò jìnnà ju Lọ́kọ́ja lọ, ẹ fìdí kalẹ̀. Mo dé ilẹ̀ Gánà. Mo dé ibi tí iṣu ti pọ̀ débi pé ewúrẹ́ ń wò ó kọjá. Mo fi ojú kan awò, mo wo ẹnu kòkòrò kan tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, mo sì rí ohun tó ń ṣe iṣu wa. Ìwé kẹta ni mo wà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tó kàwé jù lọ ní Kábà wá, kó sọ fún mi bí ẹnu ìdun ewé ṣe rí. Kò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé láti Ògìdì títí dé Mopa, kò sí ẹni tó ń kọ ebè bíi tèmi. Iṣu tí mò ń gbìn, ọwọ́ bàbá wa ló ti wá, Iṣu Bàbá ni a sì ń pè é nílé wa. Ó funfun, ó gùn, tí wọ́n bá gún un, ṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ ọmọ odó bíi pé kò fẹ́ kó lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, ó fi iṣu náà sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi, Sámú. Ó pín ilẹ̀ fún wa, oko wa sì kan ara wọn.

Bí ewé iṣu mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe adíkálà nìyẹn. Ibì kan tutù, ibì kan pọ́n bí ìyeyè. Àwọn ewé mìíràn tín-ín-rín bí okùn bàtà. Nígbà tí a wà á, iṣu tó yẹ kó tó apá àgbàlagbà kò ju ọwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹ sì wo ibi tó ti pọ̀ jù: ẹ̀gbẹ́ ààlà Sámú. Mo ra oògùn kòkòrò, mo fín in. Mo tún fín in. Bí mo ṣe ń fín in ló ń tàn wọ àárín oko.

Mo wá jókòó, mo ronú. Kí ló wà lọ́wọ́ ibi ààlà yẹn bí kò ṣe Sámú? A sì ti fa ọ̀rọ̀ nítorí igi obì kan tó dúró láàrin oko wa méjèèjì. Mo sọ ọ́ ní gbangba pé ó gbé nǹkan sínú oko mi. N kò jẹun nílé rẹ̀ mọ́, n kò jẹ́ kí ìyàwó mi kí ìyàwó rẹ̀.

Sámú rán ìyàwó mi sí mi. Ó ní, “Ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ní agbára tí mo fi ń sọ ewé di adíkálà, ṣé tèmi náà ni n ó fi sílẹ̀ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀?”

Mo ní ọgbọ́n àrékérekè ni. Mo ní ó ba díẹ̀ nínú tirẹ̀ jẹ́ kí a má bàa mọ̀ ni. Mo lọ bá olórí ẹbí wa, mo ní kó pe gbogbo ẹbí jọ, kí wọ́n yọ Sámú kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wa. Bàbá náà wò mí títí. Ó ní, “Lọ sí ìrìn-àjò rẹ ná. Tí o bá dé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lẹ́nu rẹ, n ó pè wọ́n.”

Ìrìn-àjò wo? Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fẹ́ rán ẹnì kan lọ sí Gánà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí àìsàn iṣu. Wọ́n ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ là. Ta ló tún kù?

Ẹ kọ́kọ́ mu omi ná

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ti bọ́dà dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a dé.

Ilé àgbẹ̀ àgbà kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, wọ́n ń pè é ní Bàbá Yàw. Obìnrin tó ń bójú tó oko ìwádìí tó wà nítòsí ibẹ̀ ló mú mi wọlé, Akósùà lorúkọ rẹ̀. Akósùà ti kàwé ní Ìbàdàn rí, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìyẹn Yorùbá ti Ìbàdàn tí wọ́n máa ń fà bí okùn.

Mo wọlé, mo kí wọn bí a ṣe ń kíra nílé, “Okun o!” N kò dúró. Mo ní ohun tó gbé mi wá rèé: iṣu mi ń kú, ọmọ ìyá mi ló ń pa á, mo fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn mí kí n gbé e lọ sílé. Mo sọ̀rọ̀ títí. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Bàbá Yàw ń wò mí bí ẹni tó ń wo àgbò tó gun àga.

Akósùà fọwọ́ kàn mí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ kò tíì mu omi.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Àlejò kì í sọ ohun tó bá wá láìtíì mu omi. Wọ́n fi mí jókòó, wọ́n gbé omi fún mi, mo mu ún. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé dìde, wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́, títí kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Wọ́n padà jókòó. Ìgbà yẹn ni Bàbá Yàw wá sọ̀rọ̀, Akósùà ń túmọ̀ rẹ̀: “Níbí, àlàáfíà ni. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́nà. Kí lẹ bá dé?”

Akósùà ti gbọ́ ohun tí mo bá dé! Mo ti pariwo rẹ̀ tán! Ṣùgbọ́n mo rí i pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo sì máa sọ ọ́, omi náà ti tù mí lọ́fun, ó sì jọ pé ó tù mí dé àyà. Mo kàn ní, “Iṣu mi ń ṣàìsàn, bàbá.” N kò dárúkọ Sámú mọ́.

Bàbá Yàw mi orí. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi? Mo ní ọjọ́ Àìkú, nítorí ìyá mi máa ń sọ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lọ́wọ́. Wọ́n pariwo: “Kwasí!” Orúkọ tí wọ́n ń fún ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò, mo di Kwasí Ànàgó, torí Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi orúkọ náà kọrin lẹ́yìn mi. Inú mi dùn sí i, kí n má parọ́.

Fùfú wọn kì í ṣe iyán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ kí n lè ráyè. Wọ́n ń gún ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pọ̀, wọ́n ń pè é ní fùfú. Ọkùnrin yóò dúró, yóò máa gún un pẹ̀lú ọmọ odó gígùn, obìnrin yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, yóò máa fi ọwọ́ yí i. Ọwọ́ lásán! Ọmọ odó ń sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ obìnrin ń jáde. Wọ́n ní kí n gbìyànjú. Ìyàwó Bàbá Yàw ló jókòó sídìí odó. Mo gbé ọmọ odó sókè, n kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ohun kan.

“Kí ni wọ́n wí?” mo bi Akósùà.

“Wọ́n ní ọkùnrin tó ga tó yìí, ṣé ọwọ́ obìnrin ló ń bà á lẹ́rù?”

Ọbẹ̀ wọn ṣàn bí omi òjò. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé òkèlè ńlá náà sí, ẹ kò sì gbọdọ̀ rún un lẹ́nu. Ẹ óò gbé e mì ni. Mo sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń jẹ yìí kì í ṣe iyán, pé tí wọ́n bá jẹ iyán Ògìdì pẹ̀lú ẹ̀gúsí, wọn ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹun. Mo jẹ ẹ́. Mo tún bù sí i. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ilé kejì pé Ànàgó ti jẹ àwo mẹ́ta, ó ṣì ń bú oúnjẹ náà.

Aṣọ pupa

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Yàw mú èmi àti Akósùà lọ sóko. Oko náà lẹ́wà, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé etí rẹ̀ ni mo dúró gbagidi. Àkísà pupa! Wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá tí iṣu ń fà lé, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, káàkiri.

Nílé wa, kò sí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ohun tí àkísà pupa lóko túmọ̀ sí. Ààlè ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan tí ààlè wà lórí rẹ̀, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn. Mo ní n kò wọ ibẹ̀.

Bàbá Yàw ti wọlé. Ó ń pè mí, “Kwasí! Kwasí!” Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo bímọ, mo sì fẹ́ rí ọmọ-ọmọ.

Akósùà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sí orí ebè. “Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn iṣu tára wọn dá ni bàbá fi aṣọ sí lára, kó lè dá wọn mọ̀.”

“Kó lè dá wọn mọ̀ fún kí ni? Ṣé kò mọ iṣu tirẹ̀ ni?”

“Ẹ wọlé wá, ẹ óò rí i.”

Mo wọlé. Mo ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Òótọ́ ni: ibi tí aṣọ wà, ewé tutù minijọ. Ibi tí kò sí aṣọ, mo rí ewé kan níbẹ̀ tó ṣe adíkálà, gẹ́lẹ́ bíi tèmi. Mo ní, “Ta ló ṣe èyí fún bàbá? Ṣé òun náà ní àbúrò ni?”

Akósùà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ sínú ilé àwọ̀n.”

Ibi tí mo ti rí ẹnu rẹ̀

Ilé náà, àwọ̀n ni wọ́n fi ṣe é láti òkè délẹ̀, ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀fọn kò lè kọjá. Ọ̀gbìn iṣu kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé wà nínú ike, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Akósùà já ewé ẹ̀wà kan níta, ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Àwọn kòkòrò dúdú tó ń dán wà níbẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn bí iyanrìn. Ẹ mọ̀ wọ́n, gbogbo ẹ̀wà wa ló ní wọn. Èmi ń pè wọ́n ní ìdun ewé, nítorí bí ìdun orí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu omi ara ewé.

Ó ní kí n fi ojú kan sí awò ńlá kan. Mo fi sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ eruku di ẹran. Ó ní ẹsẹ̀, ó ní ojú, ó sì ní abẹ́rẹ́ kan lẹ́nu tó ká sábẹ́ àyà. Mo rí i tó ń bímọ lójú mi! Ọmọ jáde láàyè, ó ń tàpá. Akósùà ní obìnrin ni gbogbo wọn, wọn kì í wá ọkọ. Tí ilé bá kún, tàbí tí ewé bá gbẹ, wọn óò bí àwọn ọmọ tó níyẹ̀ẹ́, ìyẹn ni yóò fò lọ.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bí irun ológbò gbé ẹyọ kan tó níyẹ̀ẹ́ lé orí ewé iṣu tó ń ṣàìsàn. Ó ní, “Ẹ wò ó. Kò mọ̀ pé iṣu nìyí. Kì í fi ojú mọ oúnjẹ rẹ̀, ẹnu ló fi ń mọ̀ ọ́n.”

Mo rí i. Ó fi abẹ́rẹ́ ẹnu gún ewé náà, ó tọ́ ọ wò, ó fà á yọ. Kò pẹ́ tó kí èèyàn sín. Akósùà gbé e kúrò, ó gbé e sórí ọ̀gbìn iṣu kan tó mọ́. Ó tún tọ́ ọ wò. Kò fẹ́ ẹ. Akósùà gbé e lọ sórí èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kẹta.

“Ó tán,” ló wí.

“Kí ló tán? Kò jẹ nǹkan kan!”

“Kò nílò kó jẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Àrùn náà lẹ̀ mọ́ ṣónṣó ẹnu rẹ̀. Ibi tó bá ti tọ́ nǹkan wò ló ti ń nù ún kúrò.”

Mo béèrè pé tí èèyàn bá fín oògùn sí i ńkọ́. Ó fín oògùn sára ọ̀gbìn mìíràn lójú mi, ó tún gbé kòkòrò mìíràn láti orí ewé aláìsàn wá sórí rẹ̀. Kòkòrò náà gún un kí oògùn tó pa á. Ó ní lóko, òmíràn tí oògùn ta sí lára, tí kò sì tíì kú, yóò fò kiri láti orí iṣu dé orí iṣu, yóò máa tọ́ ọ wò, yóò sì máa fi àrùn sílẹ̀ kiri. Mo rántí ìgbà tí mo ń fín in, tí mo sì ń fín in.

Mo dúró lọ́dọ̀ wọn títí oṣù mìíràn fi yọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wo àwọn ọ̀gbìn náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ọ̀gbìn àkọ́kọ́ ṣe adíkálà. Èkejì ṣe é díẹ̀. Ẹ̀kẹta, nǹkan kan kò ṣe é, nítorí ẹnu kòkòrò náà ti mọ́ kó tó dé ibẹ̀. Èyí tí wọ́n fín oògùn sí náà ṣàìsàn. Akósùà ní àrùn tí kòkòrò yìí ń kó bá ẹ̀pà yàtọ̀: nínú ẹ̀pà, àrùn náà ń wọ inú kòkòrò lọ, ó ń yí padà wá sí ẹnu rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú. Ti iṣu wa, ẹnu lásán ni.

Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí láti yọ̀. Mo ní, “Kòkòrò wá láti inú ẹ̀wà. Àbúrò mi gbin ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà. Òun náà ló fà á, àbí?”

Akósùà bi mí, “Iṣu wo lẹ máa ń fi ṣe èbù?”

Mo ní èwo ni iṣu wo? Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é ni mo ń ṣe é. Iṣu ńlá, a tà á, a jẹ ẹ́. Àwọn kéékèèké la máa ń tọ́jú fún èbù. Ta ni yóò gé iṣu ńlá sínú ilẹ̀?

“Kí ló sọ wọ́n di kéékèèké?”

Mo jókòó sílẹ̀. Bàbá Yàw wà níbẹ̀, ó ń fi pákò fọ eyín lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó ní kí wọ́n lọ bu omi wá fún Kwasí.

Àṣé ọdọọdún ni à ń mú àwọn tó ń ṣàìsàn, à ń tọ́jú wọn, à ń gbìn wọ́n. Tí a bá wa iṣu, ewé ti gbẹ, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó ṣàìsàn. Ìdí tí Bàbá Yàw fi ń so aṣọ nígbà tí ewé ṣì tutù nìyẹn. Inú àwọn tó ní aṣọ ló ti ń mú èbù, kódà bí wọ́n bá tóbi.

Mo mu omi náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú mi. Akósùà rò pé inú bí mi. Mo ní, “Àbúrò mi kò ṣe nǹkan kan.” Mo tún un sọ fún Bàbá Yàw, òun tí kò gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí odó. Èmi tí mo mọ iṣu jù láti Ògìdì dé Mopa kò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò ó wò bó ṣe máa rí fún ẹ̀yin.

Mo dé

Akósùà fún mi ní awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo dé Ògìdì lálẹ́, mo sùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán mo ti gba gèlè pupa kan tó ti gbó lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo fà á ya. Mo lọ sóko. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ààlà, mo ń so ó mọ́ gbogbo iṣu tí ara rẹ̀ dá. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí n tó lọ pe Sámú, kí n lè fi iṣẹ́ mi hàn án.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

“Ẹ̀gbọ́n! Ó ti wá dé bẹ̀?”

Sámú ni. Ó dúró ní apá tirẹ̀, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àwọn àkísà pupa náà tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà. Ìyàwó rẹ̀ ti ká ọwọ́ lérí.

“Ẹ lọ sí Gánà lọ gba ààlè wá fún mi? Fún èmi? Ọmọ ìyá yín?”

Mo wo aṣọ ọwọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ní Gánà lọ. Mo ní, “Sámú, kì í ṣe ààlè. Wá wò ó.”

“Kí n wá tẹ̀ ẹ́? N kò bọ́ sínú oko yín.”

Òótọ́ ló sọ, èmi gan-an kò jẹ́ tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà èmi ni mo kọjá ààlà bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn. Mo lọ sídìí ẹ̀wà rẹ̀, mo já ewé kan, mo yí abẹ́ rẹ̀ sókè, mo na awò náà sí i.

“Fi ojú kan wò ó.”

Ó pẹ́ kó tó gbà á. Ó wò ó. Ó tún wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí ń bímọ!”

“Mo mọ̀. Obìnrin ni gbogbo wọn.”

Mo wá sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ti abẹ́rẹ́ ẹnu, ti títọ́ wò, ti oògùn tí mo fín, ti èbù kéékèèké. Mo ní, “Ẹ̀wà rẹ ni kòkòrò náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n iṣu tèmi ló ti ń gbé àrùn. Ó sì ń gbé e padà wá fún ìwọ náà.”

Sámú sọ àdá rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyẹn ni pé àwa méjèèjì là ń ṣe àjẹ́ ara wa.”

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. A rẹ́rìn-ín títí ara fi ro wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo jẹ iyán nílé Sámú. Mo ránṣẹ́ sí olórí ẹbí pé kó má pe ẹnikẹ́ni jọ mọ́. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé, “Mo ti mọ̀.” Ó ń purọ́, kò lè mọ̀. N kò bá a jiyàn.

A so aṣọ mọ́ tèmi, a so ó mọ́ tirẹ̀. Gbogbo èyí tí ewé rẹ̀ ṣe adíkálà, a fà wọ́n tu, a kó wọn jọ, a dáná sun wọ́n. A tún fa ẹ̀wà etí ààlà tu.

Ohun tó sọnù nìyí. Nínú ebè ẹgbẹ̀rin tí mo kọ, irinwó ó lé ogún ni a sun. Nínú ti Sámú, igba ó dín mẹ́wàá. Ẹ̀wà poro mẹ́rin. Gèlè ìyàwó mi kan. Kò sí èèyàn kankan nínú ohun tó sọnù.